Orílẹ̀-èdè méjì, òwò kan ṣoṣo: kí ló dé tí iye tí wọ́n kọ kò bára mu?

OníṣiròTuntun

Mo kí gbogbo ilé o. Mo ń to tábìlì òwò láàárín orílẹ̀-èdè méjì, ọjà àti iṣẹ́ (ohun tí a ń tà tí kì í ṣe ẹrù, bí ìmọ̀ràn agbẹjọ́rò tàbí owó ọkọ̀) pa pọ̀, fún ọdún márùn-ún. Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní A àti B. Ní ọdún àkọ́kọ́, iye tí B ní òun rà lọ́wọ́ A fi ìdá 15 nínú 100 ju iye tí A ní òun tà fún un lọ. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ti B ló tún wá kéré. Ti iṣẹ́ ló rú mi lójú jù: àwọn méjèèjì ló ń sọ pé ohun tí àwọn tà fún ẹnì kejì ju ohun tí àwọn rà lọ. Báwo nìyẹn ṣe lè ṣeé ṣe?

Ìbéèrè mi kò ju mẹ́ta lọ. Ta ni kí n gbà gbọ́? Ṣé mo lè mú iye ọjà tí àwọn aṣọ́bodè gbé jáde, kí n rò ó pọ̀ mọ́ iye iṣẹ́ tí báńkì àpapọ̀ kọ? Bí mo bá sì yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, ṣé mo lè sọ pé ẹni tí tirẹ̀ kéré ń pàdánù?

Ìwé_Ẹrù

Ẹ má tíì pe ẹnikẹ́ni ní òpùrọ́. Ibi tí àwọn méjèèjì dúró sí ka ẹrù ni kò dọ́gba.

Ẹni tó ń tà máa ń ka iye ọjà bó ṣe rí nígbà tó wọ ọkọ̀ ní èbúté tirẹ̀. Ìyẹn ni FOB. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń rà máa ń kà á nígbà tó dé ẹnu ibodè tiwọn, tí owó ọkọ̀ àti owó inṣọ́ránsì ti wọ inú rẹ̀. Ìyẹn ni CIF. Ẹ mú kọ̀ǹténà kan tí ọjà inú rẹ̀ jẹ́ $50,000 ní FOB. Owó ọkọ̀ òkun jẹ́ $2,400, inṣọ́ránsì $300. A á kọ $50,000, B á kọ $52,700. Àlàfo $2,700 ti yọjú nìyẹn, ìdá 5.4 nínú 100, láìsí màgòmágó kankan.

Kì í ṣe gbogbo ayé ló ń kọ ọjà tó wọlé ní CIF o. Kánádà àti Australia ń kọ ọ́ ní FOB, Amẹ́ríkà sì ń gbé oríṣi méjèèjì jáde. Torí náà, ẹ ka àlàyé tó wà lábẹ́ tábìlì kí ẹ tó yọ ohunkóhun kúrò nínú ohunkóhun. Bí ẹ kò bá rí iye gidi tí owó ọkọ̀ jẹ́, àwọn kan máa ń fi ìdá kan náà dín gbogbo rẹ̀ kù. Àjọ owó àgbáyé, IMF, lo ìdá 10 nínú 100 fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí 6. Ó dára fún àròpọ̀ ńlá, àmọ́ kò dára fún ọjà kọ̀ọ̀kan. Sìmẹ́ńtì wúwo, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan, torí náà owó ọkọ̀ lè jẹ apá tó tóbi nínú iye rẹ̀. Fóònù fúyẹ́, ó sì wọ́n, owó ọkọ̀ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn. Bẹ́ẹ̀ ni orílẹ̀-èdè tí kò ní etíkun máa ń san owó ìkẹ́rù ju ẹni tó ní èbúté lọ.

Ní ti ọdún kejì tó yí padà, ẹ wo ọjọ́. Ọkọ̀ tó ṣí ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá, tó gúnlẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù Kìíní, inú ìwé ọdún tó ń parí lọ ni A kọ ọ́ sí, inú ìwé ọdún tuntun ni B kọ ọ́ sí. Bó bá jẹ́ ọjà tó ń lọ déédéé lóṣooṣù, ẹ̀yìn àti iwájú á bára wọn dọ́gba. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ńlá kan ṣoṣo tí owó rẹ̀ tó ìlàjì òwò ọdún náà, tábìlì yín á dojú rú. Ẹ fi ìpíndọ́gba ọdún mẹ́ta wò ó, ẹ ó rí i pé apá kan nínú ìdààmú náà á pòórá.

Ọmọ_Ibodè

Òótọ́ ni ẹni tó ṣáájú mi sọ, àmọ́ CIF nìkan kì í sábà mú 15 wá. Bí mo bá rí àlàfo tó tóbi tó báyẹn, ẹni kẹta ni mo máa ń kọ́kọ́ wá.

Ohun tó fà á ni pé ìlànà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé là kalẹ̀ ní 2010 fi ojú méjì wo ẹrù kan náà. Ọjà tó ń wọlé, orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ṣe é ni kí wọ́n kọ. Ọjà tó ń jáde, ibi ìkẹyìn tí ẹni tó kó o jáde mọ̀ pé ó ń lọ ni kí wọ́n kọ. Wàyí o, A ta ẹrù fún oníṣòwò kan ní C. Ibi tí A mọ̀ nìyẹn, ó kọ C. Oníṣòwò yẹn fi owó tirẹ̀ lé e, ó tún un tà fún B. B yẹ ẹrù wò, ó rí i pé A ló ṣe é, ó kọ A. Ẹrù yìí kò sí nínú ohun tí A tà fún B, ó sì wà nínú ohun tí B rà lọ́wọ́ A. Èrè ẹni àárín pàápàá ti wọ inú rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ Ṣáínà àti Amẹ́ríkà ṣe rí nìyẹn lọ́jọ́ pípẹ́, tí Hong Kong sì jẹ́ ẹni àárín. Iye tí Amẹ́ríkà ní òun rà máa ń ga ju èyí tí Ṣáínà ní òun tà, débi pé àwọn méjèèjì gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti jọ yẹ ìwé wọn wò. Nẹ́dálándì náà ní irú rẹ̀: ẹrù púpọ̀ gúnlẹ̀ sí Rotterdam, wọ́n sanwó ibodè rẹ̀ níbẹ̀, ó sì gba ibẹ̀ lọ sí Jámánì tàbí ibòmíràn. Ẹni tó ń wo ìwé olùtà á rò pé àwọn ará Nẹ́dálándì ló ń jẹ gbogbo ẹ̀ náà tán.

Bí ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò rèé. Ẹ wọ UN Comtrade, àkójọ ìṣirò òwò ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ kọ́kọ́ mú A gẹ́gẹ́ bí olùròyìn, ọjà tó kó jáde lọ sí B. Lẹ́yìn náà, ẹ mú B gẹ́gẹ́ bí olùròyìn, ọjà tó kó wọlé láti A. Kí ọdún jẹ́ ọ̀kan náà, kí ẹ̀dà kóòdù HS, nọ́ńbà tí àwọn aṣọ́bodè fi ń to ọjà sí ìsọ̀rí, sì jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ gbé iye owó kalẹ̀, kí ẹ sì gbé kílò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, torí kílò ló máa tú àṣírí. Bí kílò bá dọ́gba tí owó kò dọ́gba, iye lórí kílò kọ̀ọ̀kan ni ìṣòro wà: owó ọkọ̀, iye tí wọ́n fi ṣẹ́ owó, tàbí ìwé ọjà tí ẹnì kan kọ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí kílò fúnra rẹ̀ kò bá dọ́gba, ọ̀nà tí ẹrù gbà ni kí ẹ wá. Ẹ ṣí ìwé C, ẹ wo ohun tó tún kó jáde lọ sí B.

Ẹ pín CIF ti B pẹ̀lú FOB ti A. Bó bá wà láàárín 1.02 sí 1.10, ẹ lè sùn. Bó bá kéré sí 1, nǹkan wà níbẹ̀: ó lè jẹ́ ẹrù tó ṣì wà lójú omi, tàbí ẹrù tí A kọ sí orúkọ B àmọ́ tó yà síbòmíràn, tàbí kí ẹni tó kó o wọlé kọ iye tó rẹlẹ̀ kí owó ibodè má baà pọ̀. Ẹ kò gbọdọ̀ rí àlàfo kí ẹ sì kéde fàyàwọ́ lójú ẹsẹ̀. Òun la fi ń parí ìwádìí, a kì í fi bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kóòdù ti ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lára. Nọ́ńbà mẹ́fà àkọ́kọ́ nínú HS ni gbogbo ayé jọ ń lò, èyí tó kù lẹ́yìn rẹ̀, kálukú ló dá tirẹ̀ ṣe. Nítorí náà, ẹ má fi nọ́ńbà mẹ́jọ ti A wé mẹ́jọ ti B láéláé. Àwọn mẹ́fà yẹn pàápàá ń yí padà. Ní HS 2022, fóònù ìgbàlódé kúrò ní 8517.12, ó gba 8517.13, àwọn fóònù alágbèéká yòókù sì bọ́ sí 8517.14. Bí A bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀dà tuntun tí B ṣì wà lórí ti àtijọ́, ẹ ó rí òdo ní ẹ̀gbẹ́ kan àti òbítíbitì owó ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ padà sí nọ́ńbà mẹ́rin, 8517, ẹ fi ìyẹn wéra.

Ohun kan tó kù: orílẹ̀-èdè míì máa ń fi ọjà pamọ́ bó bá jẹ́ pé ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń tà á, kí àwọn abánidíje má baà mọ iye rẹ̀. Irú ọjà bẹ́ẹ̀ á wà nínú àròpọ̀, kò ní sí lábẹ́ kóòdù tirẹ̀. Ẹ wò ó lábẹ́ orí 99 nínú HS.

Abániwòó

Ẹ jẹ́ kí n gba ti iṣẹ́ sọ, torí ibẹ̀ ni gbẹgẹdẹ ti ń gbiná.

Ọjà ṣì ń gba ibodè kọjá. Iṣẹ́ kì í gba ibodè. Kò sí aṣọ́bodè tó máa tú àpò agbẹjọ́rò kó rí ìmọ̀ràn tó lọ tà lókè òkun. Ìwé ìbéèrè ni wọ́n fi ń kà á: àjọ ìṣirò á fi í ránṣẹ́ sí àwọn ilé iṣẹ́, á bi àwọn arìnrìn-àjò léèrè ní pápákọ̀ òfurufú, á wo ohun tí wọ́n fi káàdì báńkì ná, á sì fojú díwọ̀n èyí tó kù. A bi àwọn tó ń tà, B bi àwọn tó ń rà. Ilé iṣẹ́ ńlá díẹ̀ lè máa tà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún oníbàárà kéékèèké. A á rí àwọn tó ń tà bi, B kò ní rí gbogbo àwọn tó ń rà. Ìdí nìyí tí iye tí olùtà kọ fi máa ń ga ju ti olùrà lọ nínú iṣẹ́, ní ìdàkejì bó ṣe rí nínú ọjà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kálukú á rí èrè lójú ìwé tirẹ̀.

Ẹ wo Bìrìtéènì àti Amẹ́ríkà. Àwọn méjèèjì ti ń kọ ọ́ lọ́dọọdún pé àwọn ń ta iṣẹ́ fún ẹnì kejì ju bí àwọn ṣe ń rà lọ. Apá kan nínú ìdí rẹ̀ kò ju ààlà ilẹ̀ lọ: Amẹ́ríkà ka Jersey, Guernsey àti Isle of Man mọ́ Bìrìtéènì, Bìrìtéènì kò sì kà wọ́n mọ́ ara rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìnáwó pọ̀ ní àwọn erékùṣù yẹn, ẹ ro ibi tí ìyẹn máa já sí.

GATS, àdéhùn àgbáyé lórí òwò iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1995, pín ọ̀nà tí iṣẹ́ ń gbà ré kọjá sí mẹ́rin. Iṣẹ́ náà nìkan lè rìn, bí ayàwòrán-ilé tó fi àwòrán ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Oníbàárà lè rìn, bí akẹ́kọ̀ọ́ tàbí aláìsàn. Ilé iṣẹ́ lè lọ dá ẹ̀ka sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Òṣìṣẹ́ sì lè lọ fún ìgbà díẹ̀ kó ṣe é kó padà. Ìkẹta ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Báńkì A tó ní ẹ̀ka ní B, tó ń yá àwọn ará B lówó, iṣẹ́ ará B fún ará B ni ìwé BoP (àkọsílẹ̀ gbogbo òwò àti owó láàárín àwọn ará orílẹ̀-èdè kan àti ayé yòókù) kà á sí. Èrè tí ẹ̀ka yẹn jẹ nìkan ló máa hàn, abẹ́ owó tó wọlé lórí ìdókòwò ló sì wà, kì í ṣe abẹ́ iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀, ọ̀nà kẹta yìí ló tóbi jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Torí náà, tábìlì iṣẹ́ tí ẹ ní lọ́wọ́ kò tó ìdajì ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an.

Akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú máa ń tan ènìyàn. Ẹni tó bá gbé òkèèrè tó ọdún kan ti di ará ibẹ̀ nínú ìṣirò, àfi akẹ́kọ̀ọ́ àti aláìsàn tó lọ gba ìtọ́jú. Wọ́n ṣì jẹ́ ará ilé, bí wọ́n tilẹ̀ lo ọdún mẹ́rin. Owó ilé ìwé, owó ilé tó ń gbé, oúnjẹ tó ń jẹ, abẹ́ ìrìn-àjò ni gbogbo rẹ̀ bọ́ sí. Ẹ má wá a lábẹ́ ẹ̀kọ́.

Ó wá ku ìbéèrè yín kejì: rárá, ẹ má rò wọ́n pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ padà sí kọ̀ǹténà Ìwé_Ẹrù. Nínú BoP, FOB ni wọ́n ń kọ ọjà, owó ọkọ̀ àti inṣọ́ránsì sì ti lọ jókòó sábẹ́ iṣẹ́. Bí ẹ bá mú CIF aṣọ́bodè, $52,700, tí ẹ tún fi iṣẹ́ BoP kún un, $2,700 yẹn ti wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Ó tún kù: bó bá jẹ́ ọkọ̀ ilé iṣẹ́ ará B ló gbé ẹrù, $2,400 owó ọkọ̀ kì í ṣe ohun tí B rà lókèèrè rárá. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ ará C, C ló gba owó náà, kì í ṣe A. Bí ẹ bá fẹ́ ròpọ̀, ẹ mú ọjà àti iṣẹ́ láti inú BoP kan náà. Ìwé aṣọ́bodè, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìgbà tí ẹ bá fẹ́ mọ ọjà wo ni.

OníṣiròTuntun

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ti pín CIF pẹ̀lú FOB, ọ̀pọ̀ ọjà bọ́ sí 1.05, 1.07. Àmọ́ aṣọ kò gbọ́ràn. Ìwé aṣọ́bodè fi hàn pé A ń kó aṣọ tí wọn kò tíì rán lọ sí B lọ́pọ̀lọpọ̀, B sì ń kó aṣọ rírán padà sí A. Nígbà tí mo ṣí BoP, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ta ló jí aṣọ?

Abániwòó

Kò sẹ́ni tó jí i. Aṣọ náà kò kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín ni. Láti ìgbà tí ìwé ìlànà IMF ẹlẹ́kẹfà ti jáde ní 2009, ẹrù tó lọ fún iṣẹ́ ọwọ́ láìtà kì í ṣe ọjà nínú BoP mọ́. Owó iṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń kọ. Ká ní aṣọ $40,000 lọ, ó sì padà ní ẹ̀wù $55,000. Aṣọ́bodè A á kọ $40,000 jáde, $55,000 wọlé. BoP á kọ iṣẹ́ rírán $15,000 pé A rà á lọ́wọ́ B, ó tán. Àlàfo jẹ́ $15,000 ní ọ̀nà méjèèjì, àmọ́ òwò tó tó $95,000 nínú ìwé kan ti di $15,000 nínú èkejì.

Ìdàkejì rẹ̀ náà wà. Oníṣòwò A tó ra ẹrù ní B, tó tà á fún C láìjẹ́ kó wọ A rárá, aṣọ́bodè A kò rí nǹkan kan, BoP sì kọ ọ́ sábẹ́ ọjà. Ireland ló fi èyí han ayé. Nígbà tí wọ́n kéde ìṣirò 2015 wọn, ọrọ̀ ajé wọn ti fi ìdá 26.3 nínú 100 pọ̀ sí i lọ́dún kan ṣoṣo. Ohun-ìní àwọn ilé iṣẹ́ àjèjì tí wọ́n gbé orúkọ rẹ̀ wá síbẹ̀, àti ọjà tí wọ́n ń ṣe fún wọn ní ilẹ̀ mìíràn, tí kò fẹsẹ̀ kan Ireland, ló pọ̀ jù nínú ohun tó fà á.

Òṣùwọ̀n

Ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ìbéèrè kẹta, òun sì ni àwọn olóṣèlú fẹ́ràn jù.

Àlàfo láàárín ẹni méjì kò sọ ẹni tó ń pàdánù. Àgbẹ̀ lè máa ra ọkọ́ lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ lọ́dọọdún kí alágbẹ̀dẹ má ra iṣu lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ibòmíràn ló ti ń ta iṣu. Àròpọ̀ gbogbo òwò orílẹ̀-èdè kan pẹ̀lú gbogbo ayé ló ní ìtumọ̀, bí àwọn ará rẹ̀ ṣe ń fowó pamọ́ sí àti bí wọ́n ṣe ń dókòwò sí ló sì ń darí rẹ̀. Bí ẹ bá dí ti B pa, ó máa ń yọ lára C.

Síbẹ̀, àwọn ènìyàn ń fi í ṣe òfin. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 2025, Amẹ́ríkà kéde owó ibodè tuntun. Bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀ ni pé wọ́n mú àlàfo ọjà tó wà láàárín wọn àti orílẹ̀-èdè kan, wọ́n fi iye ọjà tí wọ́n rà níbẹ̀ pín in, wọ́n sì gé èsì rẹ̀ sí méjì. Ẹni tí tirẹ̀ kò tó ìdá 10 nínú 100 gba 10. Iṣẹ́ kò sí nínú ìṣirò náà rárá, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ni Amẹ́ríkà ti ń tà ju bó ṣe ń rà lọ. Ohun tí ẹnì kan bá yọ kúrò nínú tábìlì lè di owó gidi lọ́rùn ẹlòmíràn.

Àti pé iye tí ẹ ń wò kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó tà á nìkan. Àwọn olùṣèwádìí kan tú iPhone tí wọ́n tò ní Ṣáínà ní 2009 palẹ̀. Owó tó kúrò ní ilé iṣẹ́ jẹ́ $178.96. Èyí tó jẹ́ owó títò ní Ṣáínà jẹ́ $6.50. Àwọn ẹ̀yà inú rẹ̀ ti Japan, Jámánì, Gúúsù Kòríà àti Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ wá. Síbẹ̀ $178.96 pátá ni ìwé aṣọ́bodè kọ sí orí Ṣáínà. Àjọ OECD àti àjọ òwò àgbáyé, WTO, jọ gbé àkójọ TiVA jáde ní 2013 láti fi pín iye ọjà fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan bí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nínú rẹ̀ ṣe tó. Ó máa ń pẹ́ kí ọdún tuntun tó wọ inú rẹ̀, àmọ́ bí tábìlì yín bá dá lórí ẹni tó ń jèrè, ibẹ̀ ni kí ẹ lọ.

Ní ti ẹni tí ẹ máa gbà gbọ́: nínú ọjà, ìwé ẹni tó kó o wọlé ló sábà máa ń péye jù, torí pé owó ibodè wà lórí rẹ̀, aṣọ́bodè á sì fojú tó o. Amẹ́ríkà àti Kánádà gba èyí gbọ́ débi pé láti 1990, iye tí Kánádà kọ pé òun rà ni Amẹ́ríkà ń gbé jáde gẹ́gẹ́ bí ohun tí òun tà fún Kánádà, Kánádà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Nínú iṣẹ́, ẹ gbé ìwé méjèèjì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ má ṣe fi ìpíndọ́gba bò wọ́n mọ́lẹ̀. Lábẹ́ tábìlì náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá FOB ni tàbí CIF, ẹ̀dà HS tí ẹ lò, àti ọjọ́ tí ẹ gba ìwé náà sílẹ̀, torí wọ́n á tún un ṣe lẹ́yìn oṣù díẹ̀, iye tí ẹ kọ kò sì ní bá ti orí íntánẹ́ẹ̀tì mu mọ́.